Ẹ Bi Wá Léèrè: Iná Ọba, Mítà Ìgbàlódé àti Àwọn Ọ̀daràn Orí Ayélujára

Lẹ́tà tí a rí gbà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná pọ̀ ju ohun tí ojú ewé kan lè gbà lọ, ìbẹ̀rù kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: bí wáyà, mítà àti ibùdó tí wọ́n ti ń pín iná bá ti di ohun tí kọ̀ǹpútà ń darí, kí ni yóò dá àwọn ọ̀daràn orí ayélujára dúró tí wọn kò fi ní sọ gbogbo wa sínú òkùnkùn lọ́jọ́ kan? A ya ojú ewé ti oṣù yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ìbéèrè láti Ilé-Ifẹ̀: Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé ènìyàn lè jókòó sí orílẹ̀-èdè kan, kó sì fi kọ̀ǹpútà pa iná orílẹ̀-èdè mìíràn. Èmi kò gbà á gbọ́. Àgbàlagbà ni mí, mo sì ti rí iná tó kú nítorí ìjì àti nítorí tírànsífọ́mà tó jó, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ yín sọ, bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015, nígbà tí òtútù mú ní orílẹ̀-èdè Ukraine, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Prykarpattyaoblenergo, tó ń pín iná fún agbègbè Ivano-Frankivsk, rí i tí atọ́ka ojú kọ̀ǹpútà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí lórí máòsì, síbẹ̀ atọ́ka náà ń lọ láti orí bíréékà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń já iná tàbí so ó, sí òmíràn, ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kan fẹ́ dá a dúró, kọ̀ǹpútà tì í síta, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Kò pẹ́ sí àkókò yẹn tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ méjì mìíràn, Chernivtsioblenergo àti Kyivoblenergo. Nǹkan bí 225,000 oníbàárà ni iná kú mọ́ lọ́wọ́, fún wákàtí kan sí mẹ́fà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yẹ kí á fi ọkàn sí jù. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí àwọn ọ̀daràn náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ímeèlì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, pẹ̀lú fáìlì Microsoft Office tó jọ ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣí i, tó sì gbà kí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́, ti jẹ́ kí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní BlackEnergy wọlé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti jí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn tó láṣẹ láti darí iná láti òkèèrè. Nítorí pé ọ̀nà ìwọlé náà kò bèèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, bí ẹní ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe wọlé.

Nígbà tí wọ́n pa iná tán, wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n ba sọ́fítíwíà inú àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé àṣẹ láti yàrá ìdarí lọ sí àwọn ibùdó ìpín-iná jẹ́, débi pé àṣẹ kankan kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n ṣètò kí bátìrì tó yẹ kó gbé yàrá ìdarí ró kú, wọ́n fi sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ KillDisk nu kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi ìpè òfo ya bo nọ́ńbà tẹlifóònù tí àwọn oníbàárà fi ń fẹjọ́ sùn, kí ẹni tí iná kú mọ́ lọ́wọ́ má baà rí ẹni gbọ́ tirẹ̀.

Ọwọ́ ènìyàn ló yọ wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, wọ́n sì fi ọwọ́ tan àwọn bíréékà padà. Wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi ọwọ́ tàn ṣì wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn tó mọ ọ̀nà ibùdó kọ̀ọ̀kan náà kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà kí yàrá ìdarí wọn tó bọ̀ sípò tán, síbẹ̀ iná ti padà láti alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọlù wọ́n.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n tún kọlu ibùdó Pivnichna lẹ́bàá Kyiv, iná sì kú ní apá kan olú ìlú náà fún nǹkan bí wákàtí kan. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó ń darí atọ́ka kankan. Kòkòrò tí wọ́n lò, tí àwọn onímọ̀ pè ní Industroyer, gbọ́ èdè tí àwọn ẹ̀rọ ibùdó iná fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń pàṣẹ fún wọn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èdè wọ̀nyí ni wọ́n ti ṣe láyé ìgbà tí kò sẹ́ni tó rò pé àjèjì lè dé orí wáyà náà, nítorí náà ẹ̀rọ tó bá gba àṣẹ pé kó pa bíréékà kì í bèèrè ẹni tó pàṣẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gá ológun Rọ́ṣíà mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ ti ẹ̀ka amí ológun tí wọ́n ń pè ní GRU, àwọn ìkọlù méjèèjì yìí sì wà nínú ẹ̀sùn náà. Nígbà tí wọ́n gbé irú kòkòrò náà tún wá ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, àwọn ará Ukraine àti ESET, ilé iṣẹ́ kan tó ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà, rí i ní àsìkò, iná kò sì kú.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹja tútù ni mò ń tà, iná sì ni gbogbo ọjà mi dúró lé. Ní ìparí ọdún 2024 wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà gígùn méjì kan sínú mítà mi kí n tó lè tẹ èyí tí mo fi owó mi rà, wọ́n ní bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, mítà náà kò ní gba káàdì mọ́. Aládùúgbò mi kan ní àwọn ọ̀daràn ló ti wọ inú mítà, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Kì í ṣe ọ̀daràn ló fa èyí, òǹkà kan ló kún. Mítà àsansílẹ̀ tó wà nílé yín ń tẹ̀lé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní STS, Gúúsù Áfíríkà ni ìlànà náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹyọ nọ́ńbà 20 tí ẹ máa ń tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ra iná, wọ́n fi ohun kan pamọ́ síbẹ̀ yàtọ̀ sí iye iná tí ẹ rà: iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1993 títí di ìgbà tí ẹ ra iná náà. Òǹkà yìí ni mítà fi ń mọ̀ bóyá ẹnìkan ti lo nọ́ńbà náà rí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó ẹ̀ẹ̀kan gba iná lẹ́ẹ̀mejì. Àyè tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi sílẹ̀ kò lè gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,215 lọ, iye náà sì pé ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Láti ọjọ́ yẹn, òǹkà padà sí òdo káàkiri ayé, mítà tí wọn kò bá sì tíì tún ṣe yóò ka gbogbo nọ́ńbà tuntun sí ti àtijọ́, yóò sì kọ̀ ọ́. Nọ́ńbà méjì tí wọ́n fún yín ló pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ inú mítà yín, tó sì sún ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà náà sí ọdún 2014. Kò ní kún mọ́ títí di ọdún 2045.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kọ́kọ́rọ́ mítà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n rà fún mítà yín kò fi lè ṣiṣẹ́ nínú ti aládùúgbò yín, ó sì tún jẹ́ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gba ẹni tó ń tà nọ́ńbà iná olówó pọ́ọ́kú gbọ́. Bákan náà, mítà tí ẹ ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà sí, tí kò ní káàdì SIM nínú, kò so mọ́ ayélujára rárá. Kò sí ọ̀nà tí ọ̀daràn kan ní ilẹ̀ òkèèrè lè gbà dé inú rẹ̀.

Ibi tí ewu wà fún yín ni ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2019, nígbà òtútù ti Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọ̀daràn kan fi kòkòrò tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè gba owó ìtúsílẹ̀ kọlu City Power, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní Johannesburg. Wọn kò fọwọ́ kan wáyà kankan, iná sì wà lórí òpó. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ oníbàárà àti ètò tí wọ́n fi ń ta iná wà lábẹ́ títì, nítorí náà ẹni tí iná mítà rẹ̀ bá tán lọ́jọ́ náà kò rí òmíràn rà. Ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, títà iná sì padà ní kíákíá. Ẹ wò ó bí ẹni tó ní ọjà tó nílò òtútù bíi tiyín yóò ti rí lára. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ààbò iná ní ìlú tí àìmọye ilé ti ń lo mítà àsansílẹ̀, ibi ìtajà káàdì ṣe pàtàkì tó ibùdó amúnáwá, mo sì rò pé a kì í sọ èyí tó.

Fún ara yín, ẹ máa fi iná díẹ̀ pamọ́ sórí mítà kó má baà tán pátápátá kí ẹ tó ra òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí ẹ tẹ ìlujá kan, tàbí kí ẹ san owó kí wọ́n má baà ti mítà yín, ẹ má dá a lóhùn. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kò gba owó fún nọ́ńbà ìpààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta: Gíríìdì wa, ìyẹn àpapọ̀ wáyà àti ibùdó tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè, dojú dé lemọ́lemọ́ ní ọdún 2024. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń kọlù wá lórí ayélujára, tí ìjọba kò sì fẹ́ sọ fún wa?

Ìdáhùn: Ohun tí àwọn tó ń ṣàkóso iná sọ ní gbangba lórí àwọn ìdojúdé wọ̀nyẹn ni wáyà tó já, ẹ̀rọ tó jó, ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ṣàdédé kúrò lórí gíríìdì, àti àwọn tó ń ba òpó jẹ́. Mo rí i pé àwọn ìdí wọ̀nyí tó láti ṣàlàyé ohun tí ojú wa rí. Iná tí à ń pèsè àti iná tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, kí ìwọ̀n rẹ̀ lè dúró sí 50 hertz, ìyẹn ìyípo àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹgbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, ní ẹ̀rọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè 220 mẹ́gáwáàtì. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá kú lójijì, tí kò sì sí iná àjẹṣẹ́kù tó lè rọ́pò rẹ̀ kíákíá, ìwọ̀n náà yóò já wálẹ̀, àwọn ẹ̀rọ yòókù yóò máa já ara wọn kúrò láti dáàbò bo ara wọn, gbogbo rẹ̀ yóò sì wó. Iná àjẹṣẹ́kù yìí ni a kò ní tó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ gé wáyà 330 kV tó lọ láti Shiroro sí Kaduna, iná sì dá ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá fún ọjọ́ púpọ̀. Kì í ṣe orí ayélujára ni wọ́n ti ṣe é.

Síbẹ̀, ìbéèrè yín ní orí, nítorí ọjọ́ iwájú. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni yàrá ìdarí gbogbogbòò wa ní Òṣogbo ti ń ṣiṣẹ́ láìní ètò SCADA tó péye, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí àwọn tó jókòó níbẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì lè pàṣẹ láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n fi ń béèrè lórí fóònù. Iṣẹ́ láti gbé SCADA tuntun kalẹ̀ ti ń lọ pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò rí gíríìdì rẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ ìdojúdé. Ṣùgbọ́n àìní yìí, bó ti burú tó, ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀daràn ayélujára títí di ìsinsìnyí. Bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn náà ló yẹ kí á máa kan àgádágodo mọ́ ọn, láti ọjọ́ kìíní, nínú àdéhùn iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá kọlù wá, owó tí yóò gbà yóò pọ̀ ní ìlọ́po, ìyà tí a óò sì ti jẹ kò ṣeé dá padà.

Ìbéèrè láti London: Mítà ìgbàlódé wà nínú ilé wa níhìn-ín ní Peckham. Ìyàwó mi ń bẹ̀rù pé ẹnìkan lè fi í pa iná mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣé kí a yọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́. Òótọ́ ni pé mítà irú èyí ní bọ́tìnì inú tí wọ́n lè fi já iná láti òkèèrè, òótọ́ sì ni pé bí ẹnìkan bá lè já mítà tó pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ilé wọ̀nyẹn nìkan ni yóò kàn, yóò mi ìwọ̀n 50 hertz tí mo sọ lókè yẹn fún gbogbo ìlú. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ààbò ìjọba Britain, láti GCHQ, fi dá sí bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣẹ láti já iná ilé kan gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín, ó sì tún gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀, tí wọ́n ń pè ní DCC, tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín mítà àti àwọn tó ń ta iná, kọjá. Bí àṣẹ irú bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójijì, ètò náà yóò dá wọn dúró kí ènìyàn kọ́kọ́ wò wọ́n. Ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ kan kò tíì ní gbogbo kọ́kọ́rọ́. Ó wù mí kí àwọn tó ń ra mítà ìgbàlódé fún Nàìjíríà bèèrè irú ètò yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á.

Ìbéèrè láti Èkó: Ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń pín iná. Àwọn ọ̀gá mi gbà pé ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ló ni ọ̀rọ̀ ààbò, kò kan àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí tírànsífọ́mà. Kí ni mo lè sọ fún wọn, kí sì ni a lè ṣe pẹ̀lú owó díẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún wọn nípa ìdánwò kan tí wọ́n pè ní Aurora. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ní Idaho National Laboratory ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ oní-dísù kan tó tó mẹ́gáwáàtì 2.25 kalẹ̀, wọ́n sì fi àṣẹ orí kọ̀ǹpútà nìkan ṣí bíréékà rẹ̀, wọ́n tún dè é padà ní àkókò tí jẹnẹrétọ̀ náà àti gíríìdì kò bára mu. Ẹ̀rọ ńlá náà gbọ̀n, ó rú èéfín, ó sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ irin, òógùn ojú àti ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ni èyí, kò lè jẹ́ ti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nìkan. Àwọn tó yẹ Industroyer wò lẹ́yìn náà rí i pé ó ní apá kan tí wọ́n fẹ́ fi pa ẹ̀rọ ìdáàbòbò inú ibùdó lẹ́nu mọ́, kó lè jẹ́ pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń sáré tan iná padà, kò ní sí ohun tó ń ṣọ́ wáyà. Ìyẹn kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Àléébù tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti ọdún 2015, ọdún kan gbáko kí wọ́n tó kọlù wọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tí kò gba owó púpọ̀ ni kí ẹ ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì kúrò lára èyí tó ń darí iná. Bí ìyá oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé ṣe ń ti ilẹ̀kùn tó lọ sí yàrá inú, bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí: gbogbo ayé lè wọ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá gbọ́dọ̀ bèèrè. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ímeèlì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń pa bíréékà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti òkèèrè gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí kejì wá yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ aṣínà. Èyí kan ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ fún yín náà: ẹ ṣí ọ̀nà fún wọn nígbà tí iṣẹ́ bá wà, ẹ sì tì í nígbà tó bá parí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ rí, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí inú ìwé ìlò ẹ̀rọ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Ẹ má jẹ́ kí fláàṣì tí wọ́n fi gbé fíìmù tàbí orin kan kọ̀ǹpútà yàrá ìdarí.

Àtúnṣe sọ́fítíwíà ṣòro díẹ̀ ní iṣẹ́ wa, kí ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ọ́fíìsì fi yín ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ ìdáàbòbò lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ogún ọdún, a kò sì lè pa á tan bíi fóònù nígbà tí ìlú ń lo iná. Ẹ kọ́kọ́ dán àtúnṣe wò lórí ẹ̀rọ kan tí kò sí lórí wáyà, kí ẹ wá fi í sí àkókò tí ẹ ti máa ń pa ìlà náà fún àtúnṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ sì ní ìwé kan tí gbogbo ẹ̀rọ tó ní àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín wà nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ṣe ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀ lé lórí jù ni ìdánrawò ọwọ́. Ẹ̀rọ tuntun ń wọlé, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tó mọ bíréékà kọ̀ọ̀kan ní àmọ̀dunjú sì ń fẹ̀yìntì. Ẹ ní kí wọ́n yan ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tí ẹ ó pa kọ̀ǹpútà ìdarí, kí àwọn ọ̀dọ́ sì darí ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú fóònù àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Ẹ tẹ àwòrán ìlà yín sórí bébà pẹ̀lú, kí ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí KillDisk lè nù. Ohun tó jẹ́ kí iná padà ní Ukraine láàárín wákàtí díẹ̀ nìyí, kò sì sí ẹni tó lè rà á lọ́jà lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Ìbéèrè láti Adó-Èkìtì: Ìyà wo ni òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọlu ètò iná lórí kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn: Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2024, ní abala karùn-ún fún èyí. Ẹni tó bá ṣe ìkọlù sí ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣe kókó fún orílẹ̀-èdè lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa gidigidi nítorí rẹ̀, ó di ọdún 15, bí ẹ̀mí bá sì bọ́, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ọ̀rọ̀ náà dúró lórí ìkéde yẹn, ó sì pẹ́ kí ó tó wáyé. Ọdún 2024 ni ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ tó ṣe é.

Ìbéèrè láti Ìlọrin: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sólà àti ínfátà tó ń fi Wi-Fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ Wi-Fi rẹ̀ dànù nítorí àwọn ọ̀daràn. Ṣé àṣejù kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àṣejù pátápátá. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Bitdefender rí àléébù nínú ètò orí ayélujára Solarman àti ti Deye, tí àìmọye ínfátà ní ilẹ̀ wa ń lò. Àléébù náà lè jẹ́ kí àjèjì gba àṣẹ lórí àkántì ẹlòmíràn, kó sì yí ètò ínfátà rẹ̀ padà. Wọ́n ti tún un ṣe. Ínfátà kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ètò kan ṣoṣo tó ń darí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti di ohun tó lè mi gíríìdì ní orílẹ̀-èdè tí iná oòrùn ti pọ̀ lórí wáyà.

Bí ẹ bá fẹ́ máa rí iye iná tí ẹ ń lò lórí fóònù, ẹ lè fi Wi-Fi náà sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe nǹkan díẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ínfátà bá wá láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi èyí tí ẹ ń lò fún ímeèlì tàbí báńkì sí i, kí ẹ sì gba àtúnṣe sọ́fítíwíà nígbà tí ó bá dé. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò lónìí ni orúkọ tí àkántì náà wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá wa gbé sólà kalẹ̀ ló máa ń fi ímeèlì tiwọn ṣí i, tí wọ́n sì ń di àṣẹ lórí ínfátà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé mú sínú fóònù kan. Ẹ ní kí ẹni tó bá yín gbé e kalẹ̀ yí àkántì náà sí orúkọ yín, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó lè yí ètò padà. Bó bá nílò láti wò ó nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ lè fún un láyè láti wò láìfi ọwọ́ kàn án.